Ògiri Ilé Adìyẹ Verna Kubasik

Ilé adìyẹ Verna kò ní bíríkì kan.
Pátákó ìpolongo ló fi dí gbogbo ihò rẹ̀,
ìbò mẹ́ta, ọkùnrin kan náà:
Merrill Tostrud, tí eyín rẹ̀ ń funfun sí i
bí irun rẹ̀ ti ń já.

Níhà ìlà-oòrùn ni ti àkọ́kọ́ wà,
níbi tí òtútù Wisikọ́nsìn ti ń kọ́kọ́ bu igi jẹ.
"Ọ̀rọ̀ obìnrin àti dókítà rẹ̀ ni. Kí ìjọba yẹra."
Búlúù ni nígbà náà. Òjò ti fọ̀ ọ́ di eérú.
Àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ló pọ̀ ní ẹkùn rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Lẹ́nu ọ̀nà àkùkọ:
"Èmi ni agbẹnusọ ọmọ tí kò tíì lẹ́nu."
Wọ́n ti tún ààlà ẹkùn fà,
oko màlúù wọlé, ṣọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá wọlé,
Tostrud sì sunkún níwájú pẹpẹ.
Ìjókòó kẹta ni Verna wà. Ó rí omijé náà.
Omijé gidi ni, ó ní, iyọ̀ wà nínú rẹ̀;
ẹni tó ń sun ún fún lòun kò mọ̀.

Ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan. Òun àti ajá rẹ̀ ni.
"Iṣẹ́. Ọ̀nà. Wàrà."
Èyí ni Verna fi ṣe òrùlé,
nítorí kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí omi lè gbà wọlé.

Ẹyin lohùn, bẹ́ẹ̀ là ń wí,
bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.
Ti Tostrud ń fọ́, ó ń padà wá ṣa èèpo,
ó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó tún ń tà á fún wa ní tútù.
Ẹ má fi í wé ọ̀gà. Ẹ̀rù ló ń pa ọ̀gà láwọ̀ dà,
kì í bèèrè iye ewé tó máa dìbò.

Lánàá, ọmọdékùnrin kan gbé ìkẹrin wá,
yíǹkì rẹ̀ ṣì ń rùn:
"Mo ń tẹ́tí sí àwọn obìnrin."
Verna bi í: "Ọ̀sẹ̀ mélòó ló fún wa lọ́tẹ̀ yìí?"
Ọmọ náà wo fóònù rẹ̀.
"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà. Mẹ́fà ni lọ́jọ́ Ẹtì.
Èsì ìwádìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí ìgbà òtútù ọdún pátákó kejì,
òun ló wa ọkọ̀, Lorelle ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
wọ́n kọjá odò lọ sí Minisótà,
tẹ̀sùbáà ń mì lórí dígí iwájú.
Òun tó ti fi ogún ọdún gbàdúrà tako ilé tí wọ́n ń lọ,
òun ló di kọ́tù ọmọ rẹ̀ ní bọ́tìnnì,
òun ló jókòó nínú ọkọ̀ títí kọfí fi dì.
Kò tíì sọ ọ́ fún fádà.
Kò tíì mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun balẹ̀ sí títí dòní.

"Èmi náà yí padà," ó sọ fún àwọn adìyẹ,
"ṣùgbọ́n ta ló dìbò fún mi?"

Òru ọjọ́ ìdìbò, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá.
Ó gbé àgbébọ̀ dúdú lọ, ó fi ìyẹ́ sílẹ̀ lórí yìnyín.
Ilẹ̀ mọ́, Verna mú òòlù àti ìṣó mẹ́rin,
ó kan Tostrud tuntun mọ́ ibi tó ya,
ó dojú rẹ̀ kọ inú, kí àwọn adìyẹ máa kà á.
Ó ṣa ẹyin márùn-ún, wọ́n gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó yẹ ògiri wò.
Ó ku àyè kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.